Orúnkún Ọ̀tún Thomas Davis: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Iṣan Tó Já Lẹ́ẹ̀mẹta

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, Carolina Panthers, gba ẹgbẹ́ Green Bay Packers lálejò ní ìlú Charlotte, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Packers ló jáwé olúborí pẹ̀lú àmì ayò 30 sí 23, ṣùgbọ́n orúkọ tó gba ẹnu gbogbo èèyàn ní ọjọ́ náà ni ti Cam Newton, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbá ìdíje rẹ̀ kejì péré ní NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ga jù lọ, tó sì ju bọ́ọ̀lù dé ìwọ̀n yáàdì 432. Lábẹ́ ariwo yẹn ni ìròyìn mìíràn ti rá pálá kọjá. Thomas Davis, ẹni tó ń wọ ẹ̀wù nọ́ńbà 58 láàárín àwọn olùgbèjà Panthers, ti kúrò lórí pápá nítorí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún, àyẹ̀wò sì fi hàn pé iṣan ìdè tó wà ní àárín gbùngbùn orúnkún náà ti já. Ìgbà kẹta nìyẹn tí iṣan kan náà já nínú orúnkún kan náà, láàárín àsìkò tí kò pé ọdún méjì.

Ṣáájú àkókò náà, kò sí agbábọ́ọ̀lù NFL kankan tí a mọ̀ tí iṣan yìí já lẹ́ẹ̀mẹta lórí orúnkún kan ṣoṣo, tó sì tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Davis padà, ó sì tún gbá bọ́ọ̀lù fún sáà mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn. Bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, nítorí pé nígbàkigbà tí wọ́n bá ń ròyìn ọkùnrin yìí, ńṣe ni wọ́n máa ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni pé ọkàn líle nìkan ló fi là á já. Ọkàn líle wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sì sí ẹni tó lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àmọ́ àwọn nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí a kì í sábà dárúkọ, èmi sì gbà pé láìsí wọn, ọkàn líle náà ì bá ti já sí asán.

Ọdún 1983 ni wọ́n bí Davis, ní Shellman, ìlú kékeré kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí ìyá rẹ̀ ti dá nìkan tọ́ òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin nínú àìní. Yunifásítì Georgia ló ti gbá bọ́ọ̀lù kí Panthers tó mú un gẹ́gẹ́ bí ẹni kẹrìnlá nínú ètò yíyan àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun ti ọdún 2005. Ipò safety, ìyẹn àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pátápátá, ló wà ní yunifásítì. Panthers ló sọ ọ́ di linebacker.

Ẹni tó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nìkan ló mọ̀ ní láti mọ ohun tí linebacker ń ṣe, kí ó tó lè mọ ohun tí orúnkún jẹ́ fún un. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni àwọn olùgbèjà máa ń tò sí nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà: àwọn òmìrán wà níwájú, àwọn tó yára jù lọ wà lẹ́yìn, àwọn linebacker sì wà láàárín. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti fi mọ̀ bóyá alátakò fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù sáré ni tàbí ó fẹ́ jù ú. Bí ó bá fẹ́ gbé e sáré, linebacker yóò já wọ àárín àwọn òmìrán láti lọ gbé ẹni tó di bọ́ọ̀lù mú bolẹ̀. Bí ó bá fẹ́ jù ú, yóò fi ẹ̀yìn rìn padà, yóò yí ìbàdí, yóò sì sáré tẹ̀ lé ẹni tó yára jù ú lọ. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹsẹ̀ kan ló ń fi gún ilẹ̀ tó fi ń dúró lójijì, ẹsẹ̀ kan ló ń dúró lé tó fi ń yí padà, àwọn ọkùnrin tí ìwọ̀n wọn ju 130 kílò lọ sì ń wó lu ẹsẹ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́.

Iṣan tí à ń sọ yìí, tí àwọn dókítà ń pè ní ACL, kò gùn tó ìka ọwọ́ tó kéré jù. Òun ló so eegun itan mọ́ eegun ojúgun ní ìdábùú láàárín orúnkún, kí ojúgun má baà yọ̀ síwájú, kí orúnkún má sì yí sódì nígbà tí èèyàn bá ń sáré tó sì yà lójijì. Tó bá já, etí rẹ̀ méjèèjì kì í sábà so pọ̀ mọ́ra wọn padà. Èyí ló fi jẹ́ pé oníṣẹ́ abẹ yóò mú iṣan mìíràn, bóyá lábẹ́ ọmọrí orúnkún aláìsàn náà, bóyá lẹ́yìn itan rẹ̀, tàbí lára ẹni tó ti kú tí wọ́n ti gba àṣẹ láti lo ẹ̀yà ara rẹ̀. Yóò lu ihò sínú eegun itan àti eegun ojúgun, yóò sì fa iṣan náà gba inú ihò wọ̀nyí kọjá, kí ó tó dè é mọ́lẹ̀.

Ibì kan wà nínú ìtọ́jú yìí tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń tẹ̀ lé eré ìdárayá mọ̀. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣan àfirọ́pò náà síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn nínú rẹ̀. Ara ní láti hu òpó ẹ̀jẹ̀ tuntun wọ inú rẹ̀, kí ó sì tún un mọ díẹ̀díẹ̀, àti pé láàárín àsìkò yẹn, agbára iṣan náà máa ń relẹ̀ sí i kí ó tó máa pọ̀ sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni àwọn onímọ̀ gbà pé kò lágbára rárá. Ohun tó bani lọ́kàn jẹ́ níbẹ̀ ni pé àsìkò yẹn gan-an ni wíwú máa ń lọ, tí ìrora máa ń dín kù, tí aláìsàn á sì máa bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni òun tún ń dúró dè. Ara ń sọ pé ó ti yá. Iṣan tó wà nínú lọ́hùn-ún kò tíì lè ru ohunkóhun. Ó máa ń tó oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan kí wọ́n tó gba agbábọ́ọ̀lù láyè láti padà sínú ìdíje, ẹlòmíràn sì máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ti Davis já ni ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2009, nígbà tí Panthers lọ na Arizona Cardinals ní 34 sí 21 nílé wọn. Ẹni ọdún 26 ni, ara rẹ̀ le koko, àwọn tó ń wo eré rẹ̀ ní sáà náà sì gbà pé kò gbá bọ́ọ̀lù dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìfarapa tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ yìí ni, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbára dì fún sáà tó ń bọ̀. Kò sí ohun àrà nínú èyí.

Ìgbà kejì ni mo gbà pé ó le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà kẹta ni gbogbo èèyàn máa ń mẹ́nu bà. Nínú oṣù Kẹfà ọdún 2010, nǹkan bí oṣù méje lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ó wà lórí pápá ìgbáradì, ní àkókò tí àwọn agbábọ́ọ̀lù kàn ń sáré tí wọ́n ń kọ́ ètò ìgbèjà, tí òfin kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbé ẹnikẹ́ni ṣubú, iṣan náà sì já lẹ́ẹ̀kejì. Kò tíì bá alátakò kankan pàdé. Ẹni tí wọ́n ṣe léṣe nínú ìdíje ṣì lè sọ pé iṣẹ́ ló fa á, pé ẹnì kan ló wó lu òun. Ẹni tí ti tirẹ̀ já níbi ìgbáradì, lẹ́yìn oṣù méje iṣẹ́ àṣekára, kò ní ẹnì kankan tó lè dì í rù. Orúnkún náà fúnra rẹ̀ ló di ohun àìgbẹ́kẹ̀lé. Gbogbo sáà 2010 ló kọjá láìjẹ́ pé ó gbá ìdíje kan ṣoṣo. Panthers ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀mejì péré nínú ìdíje 16, akọ́nimọ̀ọ́gbá John Fox sì lọ.

Ẹni tó gba ipò rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2011 ni Ron Rivera, ẹni tí òun náà ti jẹ́ linebacker rí fún Chicago Bears. Mo rò pé èyí ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò ó lọ, nítorí pé ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ kan rí máa ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí agbára rẹ̀ ti tán àti ẹni tí wọn kò tíì fún ní àsìkò tó. Àmọ́ ọdún náà kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ni àwọn ẹgbẹ́ NFL àti àjọ tó ń ṣojú àwọn agbábọ́ọ̀lù ń bá ara wọn jà lórí owó, àwọn tó ni ẹgbẹ́ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù láti oṣù Kẹta títí di oṣù Keje. Ní gbogbo àkókò yẹn, agbábọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ wọ ọgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gba ìtọ́jú bí ti tẹ́lẹ̀. Fún ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ìsinmi ọ̀fẹ́ ni. Fún ẹni tó ní orúnkún tí wọ́n ti tún ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó burú.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, Panthers fún un ní àdéhùn tuntun ọlọ́dún márùn-ún, tí iye rẹ̀ lé ní ọgbọ̀n mílíọ̀nù dọ́là. Ẹgbẹ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù fún odidi sáà kan ti fi ìgbẹ́kẹ̀lé ńlá hàn. Ìdíje méjì péré ló gbá lórí àdéhùn náà tí orúnkún fi tún já, ní ọjọ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ yìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, Jon Beason, linebacker ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn olùgbèjà náà, ti já iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ ní Arizona. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, méjì nínú àwọn tí gbogbo ìgbèjà Panthers gbójú lé ti di èrò ilé ìwòsàn.

Davis ti sọ ọ́ ní gbangba lẹ́yìn náà pé òun ronú láti fẹ̀yìn tì nígbà tí ó já lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì sí onílàákàyè tó lè dá a lẹ́bi. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó dojú kọ. Nínú orúnkún tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí lẹ́ẹ̀mejì, ihò tí wọ́n ti lu sínú eegun tẹ́lẹ̀ lè ti fẹ̀ jù, débi pé nígbà mìíràn wọ́n ní láti kọ́kọ́ fi eegun dí wọn, kí wọ́n sì dúró kí ó jinná kí wọ́n tó tún lu òmíràn. Iṣan tí wọ́n lè gé lára aláìsàn fúnra rẹ̀ ti ń tán lọ. Ẹran rírọ̀ tó wà láàárín eegun méjèèjì ti fara gba púpọ̀, àti pé iṣẹ́ àtúnṣe máa ń bàjẹ́ ju iṣẹ́ àkọ́ṣe lọ. Ó ti lé ní ẹni ọdún 28. Ó ní ìyàwó, ó ní àwọn ọmọ, ó sì ti rí owó tó lè gbé e dé ibi tó wù ú. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ì bá pè é ní ojo bí ó bá ti wí pé ó tó.

Dípò ìyẹn, ó sọ pé òun yóò tún gbìyànjú, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sínú àdúrà, gẹ́gẹ́ bí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń sọ. Níbí ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ti wọlé. Panthers kò lé e, ṣùgbọ́n wọn kò fi í sílẹ̀ lórí owó àtijọ́ náà: wọ́n tún àdéhùn rẹ̀ ṣe ní ọdún 2012, owó tó dájú fún un sì dín kù gidigidi. Ó gbà á. Àwọn agbábọ́ọ̀lù mìíràn ka irú ìgékúrò bẹ́ẹ̀ sí àbùkù, wọ́n á sì bínú lọ sí ibòmíràn, níbi tí kò sí ẹni tó mọ orúnkún wọn. Mo gbà pé gbígba owó kékeré yẹn wà lára ohun tó gba iṣẹ́ rẹ̀ là, nítorí pé ó jẹ́ kí ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá Ryan Vermillion, olórí àwọn olùtọ́jú ẹgbẹ́ náà, ẹni tí Davis kò yé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi fi eré sílẹ̀.

Àwọn tí kò tíì rí irú ìtọ́jú yìí rí máa ń rò pé gbígbé irin ni. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tówẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ká ni wọ́n máa ń fi sábẹ́ gìgísẹ̀ aláìsàn lórí ibùsùn, wọ́n á sì ní kí ó gbìyànjú láti na orúnkún rẹ̀ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Iṣan itan tó ti ń gbé ẹrù tó ju igba kílò lọ kò ní dáhùn. Yóò wò ó, yóò fún eyín pọ̀, òógùn yóò bò ó, itan náà yóò kàn gbọ̀n díẹ̀. Bí orúnkún kò bá nà tán ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí, ó ṣeé ṣe kí ó má nà mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni rírìn láìtiro, lẹ́yìn rẹ̀ ni dídúró lórí ẹsẹ̀ kan pẹ̀lú ojú dídì, lẹ́yìn rẹ̀ ni fífò sílẹ̀ láti orí àpótí tí kò ga púpọ̀, tí olùtọ́jú á sì máa wò bóyá orúnkún ń ya sínú bí ẹsẹ̀ ṣe kan ilẹ̀. Ìgbà kẹta rèé tí ọkùnrin yìí máa bẹ̀rẹ̀ láti orí tówẹ́ẹ̀lì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kò mọ bí ọ̀nà náà ti gùn tó. Ní ìgbà kẹta, ó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó padà ní ọdún 2012. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹ́ kí ó sáré níbi ìgbáradì; wọ́n ń fún orúnkún ní ọjọ́ ìsinmi láàárín, ìlànà tí wọ́n sì pa mọ́ fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà nìyẹn. Ó gbá ìdíje 15 nínú 16, ó sì kópa nínú gbígbé alátakò ṣubú ju ìgbà 100 lọ. Ẹgbẹ́ náà kò ṣe dáadáa ní sáà yẹn, nítorí náà àwọn tó fojú sí ìròyìn rẹ̀ kò pọ̀. Àmọ́ ohun tó gbà mí lọ́kàn ni pé ìdíje kan ṣoṣo ló pàdánù.

Ní ọdún kan náà ni Panthers mú Luke Kuechly, linebacker ọ̀dọ́ kan láti Boston College, gẹ́gẹ́ bí ẹni kẹsàn-án nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun. Ó rọrùn fún àgbà tí orúnkún rẹ̀ ń mì láti ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó wá gba oúnjẹ lẹ́nu òun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì di igbákejì ara wọn. Kuechly ń ka èrò alátakò kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó ń kígbe ìtọ́ni, Davis sì ń fi eré sísá àti agbára ṣe èyí tó kù. Ní 2013, Davis kópa nínú gbígbé alátakò ṣubú nígbà 123, Panthers ṣẹ́gun nínú ìdíje 12, ìgbèjà wọn sì ṣe ipò kejì ní gbogbo líìgì.

Nínú ọdún yẹn kan náà, ní oṣù Kẹwàá, Panthers ta Jon Beason fún New York Giants. Mi ò fẹ́ kí a gbàgbé Beason, nítorí pé tirẹ̀ ló jẹ́ kí ti Davis hàn kedere. Òun náà ṣiṣẹ́ kí gìgísẹ̀ rẹ̀ lè yá. Òun náà padà ní 2012, orúnkún àti èjìká sì tún dá a dúró. Ní New York, ìfarapa kò fi í sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí láìpẹ́ ọjọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ìforítì nìkan ló gbé Davis padà ń sọ, bóyá láìmọ̀, pé Beason kò forí tì í, irọ́ ńlá sì nìyẹn. Ara kan máa ń gbà, ara kan kì í gbà. Kò sí ohun tí Davis ṣe lórí ibùsùn ìtọ́jú tí ọ̀pọ̀ mìíràn kò ṣe, tí a kò sì gbọ́ orúkọ wọn mọ́. Èyí kò dín ọlá rẹ̀ kù lójú mi. Ohun tó ń fi kún un ni pé ó ṣe gbogbo iṣẹ́ náà nígbà tí kò sí ẹ̀rí kankan pé ara yóò gbà.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2015, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Walter Payton ti sáà 2014, èyí tí NFL máa ń fún agbábọ́ọ̀lù tó ṣe iṣẹ́ rere jù lọ láàárín ìlú. Ètò àánú tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Kelly, dá sílẹ̀, Defending Dreams, ti ń ran àwọn ọmọ ilé-ìwé tí òbí wọn kò rí já jẹ lọ́wọ́ kí orúnkún náà tó já rárá, kò sì dúró ní gbogbo ọdún tí òun fúnra rẹ̀ ń tiro. Phoenix, ní Arizona, ni wọ́n ti fi àmì ẹ̀yẹ náà dá a lọ́lá, ní ìpínlẹ̀ kan náà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ bàjẹ́.

Sáà 2015 ni èso gbogbo rẹ̀ yọ. Panthers ṣẹ́gun nínú ìdíje 15, wọ́n pàdánù ẹyọ kan. Davis, ẹni ọdún 32, já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ alátakò lójú ọ̀run lẹ́ẹ̀mẹrin, ìyẹn iṣẹ́ tó nílò kí èèyàn fi ẹ̀yìn sáré kí ó sì yí padà lórí ẹsẹ̀, wọ́n sì yàn án fún ìgbà àkọ́kọ́ sínú ẹgbẹ́ àwọn tó dára jù lọ ní gbogbo líìgì. Láti 2015 dé 2017, ọdún mẹ́ta léra ni wọ́n yàn án fún Pro Bowl, ìdíje àwọn ìràwọ̀ NFL. Kí orúnkún rẹ̀ tó já, wọn kò yàn án rí.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní ọdún 2016, nínú ìdíje tí yóò gbé wọn dé Super Bowl, ìyẹn ìdíje àṣekágbá NFL, Panthers na Arizona Cardinals ní 49 sí 15 ní Charlotte. Nígbà tí Davis ń gbé alátakò kan ṣubú, apá rẹ̀ ọ̀tún kán láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọjọ́ kejì, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ àti síkúrù di eegun náà mú. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Ní alẹ́ tí apá náà kán, kí wọ́n tó gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ, ó ti fi àáké kọ́rí pé òun kò ní pàdánù Super Bowl. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onípele mẹ́ta ṣe akọ kan tó bá apá rẹ̀ mu rẹ́gí, ó sì fi í wọ pápá ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì, ní Santa Clara, ní California. Ó gbá ìdíje náà, ó sì kópa nínú gbígbé alátakò ṣubú lẹ́ẹ̀méje. Denver Broncos ló gba ife-ẹ̀yẹ, pẹ̀lú 24 sí 10. Nígbà tó bọ́ akọ náà, apá náà ti wú, ojú abẹ gígùn tí wọ́n rán hàn ketekete, àwòrán rẹ̀ sì tàn ká gbogbo ayé.

Mo mọ̀ pé àwòrán yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ orúkọ Davis. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan, ìdíje 15 ti ọdún 2012 ni n ó yàn. Apá tó kán rí olùgbọ́ tó pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ọ̀sẹ̀ méjì sì ni gbogbo ìfaradà náà. Orúnkún gba ọdún mẹ́ta, nínú yàrá ìtọ́jú tí kò sí òǹwòran kankan.

Àkọsílẹ̀ yìí kò ní pé bí mo bá fo àwọn ohun tí kò dùn ún gbọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2017, ní Charlotte, lórí pápá kan náà tí orúnkún rẹ̀ ti já lẹ́ẹ̀kẹta, tí Packers kan náà sì tún jẹ́ àlejò, Davis fi agbára kọlu Davante Adams, agbábọ́ọ̀lù Packers, ní orí nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rí i bọ̀, orí Adams sì fara pa. NFL dá a dúró fún ìdíje méjì. Nígbà tó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, wọ́n dín in kù sí ẹyọ kan. Ó tọrọ àforíjì ní gbangba. Ó ṣòro fún mi láti ka ìyẹn láìronú pé ẹni tó mọ iye tí ara fi ń jinná ju ẹnikẹ́ni lọ ló ṣe é. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún dá a dúró fún ìdíje mẹ́rin nítorí pé ó rú òfin oògùn líìgì náà, ó sì sọ pé òun kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Lẹ́yìn sáà 2018, Panthers kò tún àdéhùn rẹ̀ ṣe mọ́. Los Angeles Chargers gbà á, ó sì gbá gbogbo ìdíje 16 ti sáà 2019, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 36, lórí orúnkún kan náà. Ní 2020, ó tẹ̀ lé Ron Rivera lọ sí Washington, níbi tí akọ́nimọ̀ọ́gbá náà ti ń gba ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ tó sì ń darí ẹgbẹ́ lọ́wọ́ kan náà. Ìdíje méje ni Davis gbá níbẹ̀, ó sì kéde ní oṣù Kejìlá pé sáà náà ni yóò jẹ́ ìkẹyìn òun. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, Panthers pè é padà sí Charlotte láti bá wọn tọwọ́ bọ àdéhùn ọlọ́jọ́ kan, pa pọ̀ pẹ̀lú Greg Olsen, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ní Panthers, kí ó lè fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ náà.